Ká Kọ́kọ́ Yẹ Bẹ́líìtì Wò

Tí èèyàn bá bi mí ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu nígbà tí mo dé Atlanta, ó máa ń rò pé òtútù ni mo máa sọ, tàbí ilé gogoro. Mọ́tò ni. Mọ́tò wà nílé o, n kò wá látinú igbó. Èyí tó yà mí lẹ́nu ni mọ́tò tí kò lọ síbì kankan.

Ọjọ́ Àìkú ni. Àǹtí, àbúrò ìyá mi tí mo ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ ní Stockbridge, lẹ́bàá Atlanta, ló ń wà wá bọ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì, la bá há sínú traffic. Àwọn tó wà níwájú wa ti ta àsíá mọ́ ara mọ́tò, wọ́n kó àga àti kúlà ohun mímu sẹ́yìn, bí ìgbà tí ìjọ bá ń lọ sí ìpàgọ́.

“Àǹtí, níbo ni gbogbo wọn ń lọ?”

“Eré mọ́tò. Wọ́n fẹ́ lọ wo àwọn tó ń fi mọ́tò sáré yípo.”

“Láti ibo dé ibo?”

“Ibi tí wọ́n ti gbéra náà ni wọ́n máa padà sí.”

“Ẹ̀ẹ̀kan péré?”

“Títí òòyì á fi máa kọ́ wọn. Jọ̀ọ́, ebi ń pa mí.”

“Ṣé eré náà kì í pa wọ́n ni?”

Àǹtí yíjú sí mi. “Ó ti pa púpọ̀ nínú wọn rí. Ọmọ yìí, látìgbà tóo ti dé, o ò tíì sọ̀rọ̀ tó báyìí. Ikú ló wá ṣí ẹ lẹ́nu?”

Ó rẹ́rìn-ín, mo sì padà sínú ìdákẹ́jẹ́ mi. Òótọ́ ló sọ. Ojú máa ń tì mí. Kíláàsì kejì ní sẹ́kọ́ńdírì ni mo wà nígbà tí bàbá mi kú, ibẹ̀ ni ìwé mi sì parí sí. Mo lọ kọ́ iṣẹ́ télọ̀ ní Ìwó, ẹ̀rọ ìránṣọ kì í sì í bi èèyàn ní ìbéèrè. Gẹ̀ẹ́sì tí mo gbé dé Amẹ́ríkà kò ju ti ẹni tó fẹ́ ra nǹkan kó tètè máa lọ.

Ní Stockbridge, ilé jọ ilé. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, mo jáde lọ ju ìdọ̀tí nù, n kò sì mọ èyí tó jẹ́ tiwa mọ́. Mo dúró lójú títì pẹ̀lú ike ìdọ̀tí lọ́wọ́ títí Àǹtí fi yọjú lójú fèrèsé. Kò sí ẹni tó jókòó síta tí mo lè bi. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn ọmọdé máa ń kí mi pé “Ẹ kaaro, Aunty,” ohùn wọn á tẹ́ pẹrẹsẹ bí ọ̀nà ọlọ́dà. Tí mo bá fi Yorùbá dá wọn lóhùn, wọ́n á wo ìyá wọn. Mo wá ń rẹ́rìn-ín nìkan. Ẹ̀rín kò nílò ìtumọ̀.

*

Ẹnìkan ní ṣọ́ọ̀ṣì ló sọ fún Àǹtí pé obìnrin kan ní Tucker ń wá ẹni tó mọ ẹ̀rọ ìránṣọ lò. Tí Àǹtí bá ń lọ sí shift rẹ̀ ní ọsibítù kan ní Decatur, á já mi sí ìdíkọ̀, èmi á wá wọ bus lọ sí Tucker. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ fúnra mi fa okùn tí èrò fi ń sọ fún awakọ̀ bus pé òun fẹ́ sọ̀kalẹ̀, láìwo ojú awakọ̀ bí ẹni tó fẹ́ tọrọ àforíjì, mo sọ ọ́ fún ìyá mi lórí fóònù bí ìròyìn ayọ̀. Ó ní, “Okùn lásán?” Mo ní, “Ẹ̀yin ò mọ̀ ni.”

Miss Loretta lorúkọ ọ̀gá mi. Aláwọ̀ dúdú ọmọ Amẹ́ríkà ni, àgbàlagbà tó ga, ó máa ń fi àlùmọ́gàjí kọ́ ọrùn bí ẹni fi ẹ̀gbà kọ́ ọrùn. Mo wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, mo wá aṣọ, n kò rí aṣọ. Bẹ́líìtì ló ń rán, èyí tí àwọn tó ń fi mọ́tò sáré fi ń de ara wọn mọ́ àga: méjì fún èjìká, méjì fún ìbàdí, àwọn yòókù láàárín itan. Ó tún ń rán nẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń ta sójú fèrèsé mọ́tò kí apá má baà fò jáde. Òwú tó ń lò nípọn débi pé abẹ́rẹ́ tí mo mọ̀ nílé kò lè gbé e.

Àwọn fọ́tò wà lára ògiri, ọkùnrin dúdú àti funfun, òmíràn pẹ̀lú akoto lábẹ́ apá, òmíràn ń rẹ́rìn-ín lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò. Mo rò pé ẹbí rẹ̀ ni. Mo ní nínú ara mi pé ìdílé yìí mà dàlú o. Ó pẹ́ kí n tó lè la ẹnu béèrè.

“Ẹ jọ̀ọ́ mà, àwọn wo nìyí?”

“Àwọn tó kọ́ wa níṣẹ́ ni, baby.”

“Ṣé wọ́n máa ń wá síbí?”

“Orí pápá eré ni gbogbo wọn kú sí.”

Mo yára gbé ojú mi kúrò. Níbi tí a ti bí mi, a kì í gbé fọ́tò ẹni tó kú ikú òjijì kọ́ síbi tí a ti ń jẹun. Orí tábìlì abẹ́ àwọn fọ́tò náà gan-an ni Miss Loretta ti ń jẹ sáńwíìṣì rẹ̀.

Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, ọkàn mi kò kúrò níbẹ̀. Mo wá ń bi í lọ́kọ̀ọ̀kan, lásìkò oúnjẹ ọ̀sán, òun náà sì ń fi Gẹ̀ẹ́sì tó rọrùn dá mi lóhùn. Ó ní níbẹ̀rẹ̀, mọ́tò tí gbogbo ayé ń gùn náà ni wọ́n fi ń sáré. Àwọn ọmọkùnrin orí òkè Georgia, ìpínlẹ̀ tí a wà yìí, tó ń kó ọtí tí ìjọba kà léèwọ̀ máa ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe kí ọlọ́pàá má baà lé wọn bá. Tí ọwọ́ bá dilẹ̀, wọ́n á bá ara wọn sáré lórí ilẹ̀ pupa nínú oko ẹnìkan, láti mọ ẹni tó yá jù. Okùn ni òmíràn fi ń de ilẹ̀kùn kó má baà ṣí. Òmíràn kò fẹ́ bẹ́líìtì rárá.

“Kí ló dé tí kò fẹ́?”

“Wọ́n ní ó sàn kí mọ́tò ju èèyàn síta ju kí ó jóná sínú rẹ̀ lọ.”

“Ṣé òótọ́ ni?”

Ó na ọwọ́ sí fọ́tò kan. “Èyí rò bẹ́ẹ̀. Mọ́tò jù ú síta.” Ó na ọwọ́ sí òmíràn. “Èyí jóná. Látìgbà tí irú tirẹ̀ ti pọ̀ ni wọ́n ti ń fi rọ́bà sínú táńkì epo, kí epo má baà tú jáde.” Ó tọ́ka sí ẹlẹ́ẹ̀kẹta. “Ti èyí, bẹ́líìtì di ara rẹ̀ mú dáadáa, ṣùgbọ́n kò sóhun tó di orí mú. Ara dúró, orí ń lọ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń so akoto mọ́ èjìká báyìí.”

Mo wo ohun tí mo ń rán lọ́wọ́. N kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé òkú kan wà lẹ́yìn ìránpọ̀ kọ̀ọ̀kan.

“Mà, tí ó bá pa ẹnìkan, kí ló dé tí wọn ò fi eré náà sílẹ̀?”

Miss Loretta gbé sáńwíìṣì rẹ̀ sílẹ̀. “Ìwọ sọ fún mi pé ọ̀nà ló pa bàbá rẹ. Ṣé ẹ ti fi ọ̀nà yín sílẹ̀?”

Mo padà sídìí ẹ̀rọ mi.

*

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mekáníìkì kan wọlé, òyìnbó sìgbọnlẹ̀, ó gbé báàgì dúdú lọ́wọ́ bí ẹni gbé ọmọ tó ń sùn. Ó ní awakọ̀ tí òun ń tọ́jú mọ́tò fún ti kú lórí pápá kékeré kan lápá òkè. Bẹ́líìtì rẹ̀ ló wà nínú báàgì.

Miss Loretta ti ilẹ̀kùn, ó pa rédíò. Ó tẹ́ bẹ́líìtì náà sórí tábìlì bí ẹni tẹ́ aṣọ òkè, ó fi ọwọ́ tọ́ ọ láti òpin dé òpin. Mo rí i pé ẹ̀gbẹ́ kan ti já. Ọkùnrin náà jókòó sórí àpótí, ojú rẹ̀ pọ́n. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Ohun tí a máa ń sọ nílé ni mo rò pé ó yẹ kí n sọ, mo sì ṣa Gẹ̀ẹ́sì mi jọ, mo ní:

“Ẹ pẹ̀lẹ́, sà. Àmúwá Ọlọ́run ni.”

Miss Loretta gbé ojú sókè. Kò tíì wò mí bẹ́ẹ̀ rí.

“Nínú ṣọ́ọ̀bù yìí, ká kọ́kọ́ yẹ bẹ́líìtì wò ná. Tí a bá yẹ̀ ẹ́ wò tán tí a ò rí nǹkan kan, nígbà náà la máa pe Ọlọ́run.”

Ojú tì mí débi pé mo fẹ́ wọlẹ̀. Mo dúró lẹ́yìn ẹ̀rọ mi. Ó pè mí, ó ní kí n súnmọ́ ọn, kí n fi ìka mi kan ibi tó já. Ó rí bí ibi tí eku jẹ. Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan ló já. Eteetí irin ẹ̀yìn àga ló ti ń gé e díẹ̀díẹ̀, nítorí ibi tí kò yẹ ni wọ́n gbé e gbà.

“Ta ló fi bẹ́líìtì yìí sínú mọ́tò?” ni Miss Loretta béèrè, ohùn rẹ̀ sì rọ̀.

“Èmi ni,” ni ọkùnrin náà wí.

Mo retí kí ó bú sẹ́kún, tàbí kí ó gbé ìjà. Ó fi ọwọ́ bo ojú. Ó wá dìde. “Bí mo ṣe ṣe ti àwọn mọ́tò yòókù nìyẹn. Mo ń lọ tú wọn báyìí.” Kò dúró gba omi. Miss Loretta mú àlùmọ́gàjí ọrùn rẹ̀, ó gé bẹ́líìtì òkú náà wẹ́lẹwẹ̀lẹ, kí ẹnikẹ́ni má baà tún un lò.

Lẹ́yìn tó gbá a dà nù, ó jókòó tì mí, ó sọ ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin fún mi. Nígbà yẹn, àwọn òyìnbó kì í fẹ́ kí aláwọ̀ dúdú bá wọn sáré lórí pápá ńlá, àwọn dúdú a máa sáré lórí pápá kéékèèké tiwọn. Ibẹ̀ ló kú sí. Gbogbo ìjọ ní Ọlọ́run ló pè é. Miss Loretta lọ síbi tí mọ́tò náà wà, ó fa bẹ́líìtì rẹ̀ lọ́wọ́, ó sì já bí ewé gbígbẹ. Òòrùn àti òógùn ti jẹ ẹ́ tán.

“Ìyá mi kò fẹ́ gbọ́ ọ,” ló wí. “Ṣùgbọ́n èmi rí i, mo sì kọ́ bí wọ́n ṣe ń rán an.”

Nínú bus tí mo wọ̀ lọ sílé, mo ń wo ilẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ lẹ́bàá ọ̀nà. Ilẹ̀ Georgia pupa bí ti Ìwó. Kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún mi kí n tó wá. Mo ń bi ara mi pé, ní gbogbo ọdún yìí, ta nínú wa ló yẹ nǹkan kan wò?

*

Ohun tí mo ń sọ nìyí. Bàbá mi àti àbúrò rẹ̀, Bàbá Kékeré, ni wọ́n jọ wà nínú mọ́tò tó sáré wọ ẹ̀yìn tírélà lọ́nà Ìbàdàn. Bàbá Kékeré ló ń wà á. Ó jáde láàyè, bàbá mi kò jáde. Kí wọ́n tó sin òkú tán, ìyá mi ti béèrè lójú gbogbo èèyàn pé, “Mọ́tò kan, ẹni méjì, kí ló dé tó jẹ́ òun nìkan ló jáde?” Àwọn tó wà níbẹ̀ mirí. Wọ́n ní ayé nìyẹn, wọ́n ní ó ti fi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe nǹkan. Látọjọ́ náà, ìyá mi kò kí i mọ́, a kò sì gbọ́dọ̀ dárúkọ rẹ̀ nílé.

Ọ̀rọ̀ náà tún wá dìde. Àbúrò mi, Bùkọ́lá, ti rí ọkọ. Àwọn ẹbí ọkọ sọ pé àwọn ò ní wá mọ ilé ọmọ tí kò sí ẹnìkan láti ìdílé bàbá rẹ̀ tó máa gbà wọ́n lálejò. Bàbá Kékeré nìkan ló kù nínú ìdílé náà.

“Kó má débẹ̀,” ni Màmá ń pariwo lórí fóònù. “Ẹni tó pa bàbá ni yóò fa ọmọ fọ́kọ?”

“Màmá, wọ́n á kọ Bùkọ́lá sílẹ̀.”

“Kí wọ́n kọ̀ ọ́.”

Mo gbọ́ Bùkọ́lá tó ń sunkún lẹ́yìn rẹ̀. Àǹtí gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó bẹ̀bẹ̀ títí, ó dá a padà fún mi. “Ẹ̀gbọ́n mi ti di òkúta,” ló wí.

Lọ́jọ́ kejì, mo gba nọ́ńbà Bàbá Kékeré lọ́wọ́ Bùkọ́lá. N kò tíì bá ọkùnrin náà sọ̀rọ̀ látìgbà tí bàbá mi ti kú.

“Ẹ káàsán sà. Èmi ni, ọmọ ẹ̀gbọ́n yín. Mo wà ní Amẹ́ríkà.”

“Ọmọ mi. Ṣé kò sí o?”

“Kò sí, sà. Mo fẹ́ bi yín ní nǹkan kan ni. Bẹ́líìtì bàbá mi. Ṣé ó dè é?”

Ó ní àwọn Road Safety wà níwájú, bàbá mi sì fa bẹ́líìtì gba àyà rẹ̀ kọjá, ó fi ọwọ́ dì í mú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó lè dà bí ẹni pé ó dè é. Irú èyí tí gbogbo wa ń ṣe. Àwọn Road Safety juwọ́ sí wọn pé kí wọ́n máa lọ. Kò pẹ́ ni wọ́n bá tírélà tó kú sójú ọ̀nà.

“Ẹ̀yin ńkọ́, sà?”

“Èmi dè é. Awakọ̀ ni mí, wọ́n ti gba mọ́tò lọ́wọ́ mi rí nítorí rẹ̀.”

“Kí ló dé tí ẹ ò sọ?”

“Kí n dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ sàréè kí n ní ẹ̀gbọ́n mi ló fa ikú ara rẹ̀? A kì í di ẹrù lé òkú lórí. Kò sì sẹ́ni tó bi mí. Kí n tó jáde ní ọsibítù, wọ́n ti mọ̀ tán.”

*

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Miss Loretta. N kò tíì sọ ìtàn tó gùn tó bẹ́ẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì rí. Níbi tí Gẹ̀ẹ́sì bá ti tán, mo ń fi ọwọ́ ṣe é.

“Ṣé ìyá rẹ rí bẹ́líìtì náà?”

“Rárá mà.”

“Nígbà náà, jẹ́ kó rí i.”

Àga kan wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, orí pákó tó ní táyà kéékèèké ló wà. Òun la fi ń wọn bẹ́líìtì fún àwọn oníbàárà. Mo pe ilé ní video, mo gbé fóònù ti ara ògiri, mo jókòó sínú àga náà. Ní Ìwó, ọjọ́ ti ń rọlẹ̀. Mo rí ojú ìyá mi, Bùkọ́lá ló gbé fóònù dání fún un.

“Kí nìyẹn? Ṣé iṣẹ́ tí wọ́n ń fún ọ ṣe nìyẹn?”

“Màmá, ẹ ṣáà máa wò mí.”

Mo fa bẹ́líìtì kan kọjá àyà mi, mo fi ọwọ́ dì í mú. Mo dì í mú gan-an, nítorí mo mọ ohun tó ń bọ̀. Miss Loretta ti àga náà, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń ti kẹ̀kẹ́ ọmọ, ó jẹ́ kó kọlu òkìtì táyà àtijọ́ tó wà níwájú. Bẹ́líìtì bọ́ lọ́wọ́ mi bí ẹja. Orí eékún méjèèjì ni mo bá ara mi lórí ilẹ̀.

“Yéè! Ta ni obìnrin yẹn? Kó má fi ọmọ mi ṣeré o!”

Mo dìde, mo de bẹ́líìtì, mo kì í bọ ilé rẹ̀. Ó tún tì mí, ó tilẹ̀ le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Gèlè orí mi nìkan ló ṣí.

Mo sọ ohun tí Bàbá Kékeré sọ fún mi. N kò fi kún un. Ìyá mi wo ibòmíràn, kò wo fóònù.

“Bàbá yín kì í dè é,” ló sọ níkẹyìn. “Mo máa ń bá a jà lórí rẹ̀. Á ní ó ń fún òun lọ́rùn.”

Lẹ́yìn náà ló ní, “Pe ọkùnrin yẹn. Fi í sí orí ìlà yìí.”

Mo pè é. Bàbá Kékeré yọ lójú fóònù, ó ti hu ewú ju bí mo ṣe rò lọ. Àwọn méjèèjì wo ara wọn. Kò sẹ́ni tó kí ẹnìkejì.

“Lẹ́yìn tí ẹ kọjá àwọn Road Safety,” ni ìyá mi wí, “kí ló sọ?”

“Ìyàwó wa...”

“Ẹ̀yin lẹ wà níbẹ̀. N kò sí níbẹ̀. Kí ló sọ kẹ́yìn?”

Bàbá Kékeré nu ojú. “Ó ń rẹ́rìn-ín ni. Ó ṣì fi bẹ́líìtì náà gba àyà. Ó ní, ‘Gbádé, bí Àbẹ̀kẹ́ bá rí mi báyìí, á ní mo ti di òyìnbó.’”

Èmi kò mọ̀ pé Àbẹ̀kẹ́ ni bàbá mi máa ń pe ìyá mi. Bùkọ́lá náà kò mọ̀. Ìyá mi gbé ọwọ́ lé ẹnu.

“Ó pè mí ní Àbẹ̀kẹ́?”

“Àbẹ̀kẹ́ ló pè yín.”

“Ẹ tún un sọ.”

Ó tún un sọ, àtẹ̀rín rẹ̀, àti bó ṣe na ọrùn sókè bíi bàbá mi. Ìyá mi rẹ́rìn-ín, ẹkún sì bá a jáde. Miss Loretta, tí kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀, yọ àlùmọ́gàjí kúrò lọ́rùn, ó sì jókòó sílẹ̀ lórí táyà.

“Tí ẹ bá wá lọ́jọ́ tí àwọn àna Bùkọ́lá máa dé,” ni ìyá mi sọ fún un, “ẹ tètè wá. Ẹ wá sọ ọ́ fún mi kí wọ́n tó dé.”